Ọwọ́ Aláró: Bí A Ṣe Ń Mú Àwọ̀ Wọnú Àwọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, nítorí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, èmi sì ni akápò yín. Wọ́n ní rárá, wọ́n ní kí n ṣàlàyé àwòrán tó wà ní èèpo iwájú ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ yín, kí àwọn ọmọ lè mọ bí a ṣe ń ya irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣàlàyé àwòrán yẹn tán láìjẹ́wọ́ ohun kan tí ó ti ń tì mí lójú láti ìgbà èwe mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwòrán náà. Obìnrin kan dúró ti ìkòkò aró. Ẹ kò rí ojú wọn dáadáa, ọwọ́ wọn ni ẹ rí. Láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́, aró ni. Láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, àwọ̀ ara wọn ni. Ìyá mi nìyẹn. Iṣẹ́ aláró ni wọ́n fi tọ́ wa ní Abẹ́òkúta, ọjà Ìtòkú ni wọ́n sì ti ń ta àdìrẹ wọn.

Fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò tíì rí iṣẹ́ aláró rí, ewé ẹ̀lú ni wọ́n máa ń gún nínú odó, wọ́n á ṣù ú rìbìtì, wọ́n á sá a sí oòrùn kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó ṣeé rẹ aṣọ. Aṣọ funfun tí wọ́n ti fi iko dì, tàbí tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ gbágùúdá kọ iṣẹ́ sí lára, ni wọ́n ń rẹ sínú rẹ̀. Bí aṣọ náà bá kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe búlúù. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé lára, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín báyìí. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dà bí ojú ọ̀run àárọ̀. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí wọ́n ń jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ láàárín, á máa dúdú sí i títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹtù. Aró kan náà ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí aró ń ṣe fún aṣọ náà ló ń ṣe fún ọwọ́. Ọṣẹ kì í tètè bọ́ ọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, ìyá mi wá sí ìpàdé àwọn òbí tààrà láti ìdí ìkòkò, kò sí àyè láti lọ sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí ọwọ́ wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tó ń bá ìyá mi ta ọjà ni. Ìyá mi kò jìnnà sí wa nígbà tí mo sọ ọ́. Wọn kò sọ ohunkóhun. Bí a ṣe délé, oúnjẹ ni wọ́n gbé fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ àwòrán. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ń ṣètò ọjọ́ òní, èmi akápò ni mo ní kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó láti ya èèpo ìwé, pé èmi yóò yà á. Ẹnu mi ló kó bá mi! Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ló ní òun yóò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílé fi fọ́tò àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí wa, ìyá mi nídìí ìkòkò, ọwọ́ wọn nínú aró.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a lò ni Inkscape. Ọdún 2003 ló jáde, ọ̀fẹ́ ni, ohun tí akápò sì fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi àwòrán jẹun máa ń lo Adobe Illustrator, tó ti wà láti ọdún 1987, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san fún ìyẹn. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ sọ kò yàtọ̀ púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Kódà, lẹ́tà G lórí kíbọ́ọ̀dù ló ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú méjèèjì. Gradient ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọmọ mi bi mí léèrè pé kí ni Yorùbá ń pè é, n kò rí èsì fún un. N óò padà sórí ìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ya ohun tí ẹ fẹ́ kùn, ká sọ pé apá ènìyàn, kí ẹ sì fi àwọ̀ kan kùn ún. Ẹ tẹ G. Ẹ fi máòsì tẹ ibì kan lára àwòrán náà, ẹ má ṣe fi sílẹ̀, ẹ wọ́ ọ lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ kí àwọ̀ náà parí sí, kí ẹ tó wá fi sílẹ̀. Ìlà kan á yọ, tó ní àmì kékeré onígun mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ àti àmì róbótó ní ìparí. Ibùdó ni èmi àti ọmọ mi ń pe àwọn àmì yìí, bí ibùdó bọ́ọ̀sì. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ máa sọ àwọ̀ tí ẹ fẹ́. Láàárín ibùdó kan sí èkejì, kọ̀ǹpútà ni yóò ṣírò rẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ wọ́ ọ, Inkscape á fi àwọ̀ tí ẹ kùn sí ìbẹ̀rẹ̀, á sì jẹ́ kí àwọ̀ náà parẹ́ pátápátá ní ìparí, bíi gíláàsì tí ènìyàn ń rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ padà, ẹ tẹ ibùdó náà, ẹ mú àwọ̀ mìíràn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀nà tó gbà padà, ẹ di ibùdó mú kí ẹ wọ́ ọ lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ibùdó kún un, ẹ tẹ orí ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Bí ibùdó kan kò bá wúlò mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì tẹ Delete. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ di ìparí, Shift àti R ni. Oríṣi kejì tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín, tí á sì tàn káàkiri róbótó. Òun la fi kun ojú aró inú ìkòkò yẹn, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ níbi tí ìfófòó wà.

Ẹ̀yin ọmọ lè máa ronú pé báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ àwọ̀ tó wà láàárín. Ìṣirò ni. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà mẹ́ta ló ń dúró fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, láti 0 dé 255. Aró tí a kọ́kọ́ mú jẹ́ 38, 43, 100. Àwọ̀ ara tí a mú fún ìyá mi jẹ́ 110, 66, 40. Kọ̀ǹpútà á ro pupa méjèèjì pọ̀, á pín in sí méjì, á di 74. Bẹ́ẹ̀ náà ni á ṣe ìyókù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n: bí a ṣe ń dín iye ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kù nínú ìwé nìyẹn, iye kan náà lọ́dọọdún, títí yóò fi tán.

Ṣùgbọ́n ìṣirò tó péye lè bí àwọ̀ tí kò dára. Bí ẹ bá po ọ̀dà búlúù mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè nínú ike, àwọ̀ ewé lẹ máa rí. Ẹ gbé búlúù pátápátá, ìyẹn 0, 0, 255, sí ibùdó kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé àwọ̀ ìyeyè, 255, 255, 0, sí èkejì. Ní àárín gan-an, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dọ́gba, àwọ̀ eérú sì ni ẹ óò rí. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ fi ibùdó kẹta sí àárín, kí ẹ fúnra yín gbé àwọ̀ ewé síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ ìṣirò, kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kìíní, èmi nìkan ni mo ya ọwọ́ ìyá mi. Mo kùn ún ní àwọ̀ ara láti èjìká dé orí ìka. Kò sí aró kankan níbẹ̀. Ọmọ mi wo fọ́tò, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní, “Dádì, ẹ ti fọ ọwọ́ Màmá Abẹ́òkúta.” Mo ní àwòrán ni, pé a kò ní láti fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ó ní, “Ṣé ó burú ni?” Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ohun tí mo ṣe níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé ni mo tún fẹ́ ṣe níwájú yín.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo fi ibùdó aró sí orí ìka, mo fi ibùdó àwọ̀ ara sí ìgúnpá. Ó burú jáì! Láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, ó dà bí ojú ọgbẹ́ tó wú, àfi bíi pé ilẹ̀kùn ló há ìyá mi lápá. Ẹ rántí 74 yẹn: 74, 54 àti ààbọ̀, 70, àwọ̀ tó pọ́n tó tún dúdú bí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì.

Ọmọ mi ló ní kí a pe ẹni tó ni ọwọ́. A pè wọ́n lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, a sì fi àwòrán náà hàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ṣáájú ọjọ́ yẹn, “ẹ káàárọ̀ mà” àti “mo wà dáadáa” ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi máa ń bá ìyá mi sọ, á sì dá fóònù padà fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní ìbéèrè tí èmi kò lè dáhùn. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ béèrè pé, “Màmá, níbo ni aró ti máa ń dúró lọ́wọ́ yín?”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọkọ mi, ṣé o fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?” Wọ́n wá ṣàlàyé. Wọ́n ní èékánná ló máa ń dúdú jù. Wọ́n ní aró máa ń mu ọwọ́ dé ibi tí omi ìkòkò bá mọ, ibẹ̀ ló sì máa dá sí, kì í gùnkè lọ títí bí èyí tí a yà. Wọ́n ní, “Àti pé aró kì í pa àwọ̀ ara ẹni rẹ́ o. Ó kàn jókòó lé e ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún àwòrán wa ṣe. A ya apá náà ní méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Èyí tó wà lábẹ́ jẹ́ àwọ̀ ara nìkan, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji rẹ̀, oríkèé ìka àti iṣan ẹ̀yìn ọwọ́. Èyí tó wà lókè jẹ́ aró nìkan, tó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. A fi ibùdó kan sí 0, ní orí ìka, a jẹ́ kó dúdú gan-an nítorí èékánná. A fi òmíràn sí 70 nínú 100, aró gidi. A fi ìkẹta sí 80, níbi tí aró ti parẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àyípadà náà kò gba gbogbo apá mọ́, ibi kékeré ní ọrùn ọwọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, àwọ̀ ọgbẹ́ yẹn sì lọ.

Nítorí pé ìṣirò ni iṣẹ́ mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fi aró tó ti parẹ́ dé ìdajì sórí àwọ̀ ara kan ṣoṣo, nọ́ńbà tó máa jáde kò yàtọ̀ sí 74 ti àkọ́kọ́. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ohun tó wà lábẹ́ kò sọnù. Oríkèé ìka ṣì ń hàn lábẹ́ aró, bí ẹ bá sì fẹ́ tún aró náà ṣe lọ́la, ẹ kò ní fọwọ́ kan àwọ̀ ara rárá.

Ìṣòro kan tún kù. Ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn wọn, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ sí búlúù tó tún fẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni mo fi kùn ún. Lójú kọ̀ǹpútà ó dára, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ ọ̀kan wò sórí pépà, ìlà-ìlà ló jáde, bí aṣọ òkè. Àwọ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù, àyè sì gùn jù. Bí àwọ̀ méjì bá fi 30 ju ara wọn lọ, 30 ìṣísẹ̀ péré ni kọ̀ǹpútà ní láti gbé. Ojú ọ̀run wa ga tó 1,800 àmì tóóró tí wọ́n ń pè ní pixel, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gba 60. Lórí pépà tí ìǹṣì kan rẹ̀ gba 300, ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ débi pé ojú kò lè ṣàì rí i. A jẹ́ kí òkè dúdú sí i, kí ìsàlẹ̀ funfun sí i, a sì fi àwọsánmà díẹ̀ bo àárín. Ẹ tún rántí pé ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, yíǹkì ni ti pépà. Búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń ṣú lórí pépà. Ẹ tẹ ẹyọ kan wò kí ẹ tó tẹ igba.

Mo ṣèlérí pé n óò padà sórí orúkọ. Àwọn kan máa ń sọ pé Yorùbá kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, funfun, pupa àti dúdú. Òótọ́ ni pé àwọn mẹ́ta yìí ni ìyá àwọ̀ lédè wa, dúdú sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ń pe aró. Ṣùgbọ́n aláró tó wo aṣọ tó sọ pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan kí a rẹ ẹ́, àwọ̀ mélòó ni ojú rẹ̀ mọ̀? Ọmọ mi béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé kí ni wọ́n ń pe àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ báyìí. Wọ́n rò ó, wọ́n ní, “Wọ́n wọnú ara wọn ni.” Ọmọ mi kọ ọ́ sórí fáìlì wa: àwọ̀ awọnúra. Bóyá àwọn ọ̀mọ̀wé yóò rí orúkọ tó dára jù ú lọ. Ní ilé wa, orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a parí rẹ̀, èmi nìkan ni mo pe ìyá mi. Mo rán wọn létí ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí, mo sì tọrọ àforíjì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ yẹn ni mo fi san owó ilé-ìwé rẹ.” Wọ́n wá béèrè bóyá àwọn ọmọ ti jẹun.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ wa ló ní ohun tí a fọ̀ kúrò lára àwọn òbí wa kí àwọn ọmọ wa má baà rí i: ọwọ́ aró, ẹnu tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìsọ̀ kékeré lójú ọjà. A rò pé à ń ṣe wọ́n lóore ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a fọ̀ yẹn gan-an ni ọmọ tèmi ń wá, òun ló sì mú un sọ Yorùbá fún wákàtí kan gbáko.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ mi yóò wà nínú gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Ẹ mú fọ́tò ọwọ́ àgbà kan nílé yín wá. Kí ẹ tó wá, ẹ pe onítọ̀hún, ẹ béèrè iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ yẹn ṣe. Bí Yorùbá yín bá ń kọsẹ̀, kò burú, ti ọmọ mi náà kọsẹ̀. A óò kọ́ yín ní bí a ṣe ń fi ibùdó sí i, ẹ̀yin náà yóò sì kọ́ wa ní ohun tí a kò mọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìwé ètò kan ti wà nínú àpò fún ìyá mi, ẹni tó ń lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò bá mi mú un lọ.